Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni tó Fẹ́ Tú Àtẹ Ìwé Wò ní Àjàṣẹ́

Ilé ìtàwé kékeré ni tiwa, ní ìlú Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ìwé tuntun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlòkù ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́ a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní àwọn kò mọ ohun tí àwọn ń wá. Àwọn ni a kọ ìdáhùn wọ̀nyí fún, àti àwọn tó ń bọ̀ láti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọn kò fẹ́ kí owó ọkọ̀ àwọn ṣòfò.

Mi ò mọ ìwé tí mo fẹ́. Ṣé mo ṣì lè wọlé?

Ẹ wọlé, a bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ti mọ orúkọ ìwé tó ń wá kì í lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́dọ̀ wa: a ó fún un níwèé, yóò sanwó, yóò máa lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gan-an ni a to àtẹ yìí sílẹ̀ fún. Bí obìnrin bá lọ ra aṣọ ní ọjà Ouando, kì í dúró lókèèrè kó máa nàka sí i. Yóò fọwọ́ pa á, yóò yí i sódì, yóò gbé e sójú oòrùn kó lè mọ àwọ̀ rẹ̀ dájú, bí kò bá sì wù ú, yóò dá a padà, aláṣọ kò ní bínú. Bákan náà ni kí ẹ ṣe sí ìwé. Kò sí ẹni tí yóò bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́ rà kí ẹ tó jókòó.

Ohun kan ṣoṣo tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má fi ìka kan itọ́ kí ẹ tó ṣí ojú ìwé. Ìwé àlòkù tí igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, tó sì ti rọ̀ bí ewé ẹ̀kọ, àṣà yìí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ kò ya ìwé Yorùbá, ìwé Faransé àti ìwé Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi wá jù, àwọn mìíràn a sì máa fi ìbínú bi í, nítorí pé ilé ìtàwé tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fẹ́ mọ̀ kì í jókòó sínú èdè kan ṣoṣo, pàápàá ọ̀rọ̀ ìlú tiwa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó la ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá kan ni àwọn méjèèjì. Láti ìgbà náà, ọmọ Kétu tó bá lọ sílé ìwé a máa fi Faransé kọ̀wé, ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ a máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, nígbà tó sì jẹ́ pé ìtàn ìdílé kan náà ni wọ́n ń kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju fi odindi ìwé kan, tí wọ́n tẹ̀ ní 1976, ṣàlàyé ohun tí ìjọba méjèèjì fi ojú àwọn ará apá ibí yìí rí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Kétu nìkan. Ìwé tí Geoffrey Parrinder kọ nípa ìtàn ìlú náà, Ìbàdàn ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1956, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Thomas Moulero, ọmọ Kétu tó di àlùfáà Kátólíìkì ní 1928, tó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ Dahomey, orúkọ tí ilẹ̀ Benin ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, tó dé ipò yẹn, fi Faransé kọ nípa ìtàn ìlú rẹ̀. Oríkì Alákétu àti orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Yorùbá ni wọ́n. Bí a bá wá tò wọ́n ní èdè-èdè, ọ̀rọ̀ Kétu yóò fọ́n ká sí igun mẹ́ta, ẹni tó ń wá a yóò rí ìdá kan níbẹ̀, yóò sì rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kétu dúró síwájú pẹpẹ tí a to ìwé Kétu sí. Faransé nìkan ni wọ́n kọ́ ọ láti kà. Ó nawọ́ sí ìwé Faransé, ó ṣèèṣì fa ti Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yọ, ó ṣí i, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí orúkọ Àkábà Ìdènà. Gbólóhùn tó yí orúkọ náà ká kò yé e, ṣùgbọ́n ẹnubodè tó ti ń gbà kọjá láti kékeré kò lè ṣàjèjì sí i. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà, ó ń pe orúkọ ènìyàn àti orúkọ àdúgbò jáde lẹ́nu, ó ń fo èyí tó kù. Kó tó di ọ̀sán, ó ti yá ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ wa. Ká ní a ti kó Gẹ̀ẹ́sì sí yàrá ẹ̀yìn ni, kò ní débẹ̀ láéláé.

Tí kì í bá ṣe èdè, kí ni ẹ fi tò ó?

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé ni. Ìtàn ìlú wà pọ̀, oko àti ewé wà pọ̀, ara àti àìsàn, ẹ̀sìn, òfin àti owó, ojú ọ̀run, ìtàn àròsọ, ewì, àti ìwé ọmọdé nísàlẹ̀ níbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o.

Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ńlá a máa lo ètò tí Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1876, èyí tó pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá láti 000 dé 900. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n díẹ̀, nítorí bí ẹ bá dé irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀, abẹ́ 966.83 ni ẹ ó ti rí ìtàn ilẹ̀ Benin, lítíréṣọ̀ Yorùbá sì wà ní 896.333. Ṣùgbọ́n a kò lè tẹ̀ lé e délẹ̀. Nínú ètò náà, ẹ̀sìn Kristẹni nìkan gba 220 títí dé 289, gbogbo ẹ̀sìn yòókù láyé sì há mọ́ra wọn nínú 290. Ifá, tó ní odù 256, wà ní igun kan nínú 299. Ní ìlú bíi tiwa, níbi tí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ojúbọ ti jọ wà ní àdúgbò kan tí ẹnikẹ́ni kò lé ẹnikẹ́ni, èyí kò bójú mu. A fún Ifá ní pẹpẹ tirẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ kíákíá bóyá ìwé kan yóò bá mi lára mu?

Ẹ má gba èèpo ìwé gbọ́. Ọ̀rọ̀ dídùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó fẹ́ tà á ló kọ ọ́, àwa tí à ń tà á la sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àkóónú, kí ẹ rí i bóyá orí tó wù yín ju ọ̀kan lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àárín ìwé. Òǹkọ̀wé a máa wẹ̀ fún orí kìíní, a lé tìróò fún un, a wọ aṣọ àgbàdá sí i lọ́rùn. Àárín ìwé ni ẹ ti máa bá a nínú aṣọ iṣẹ́. Ẹ ka ojú ìwé mẹ́ta níbẹ̀. Bí ó bá yé yín tó sì wù yín láti mọ ohun tó ṣáájú, ẹ mú un.

Fún ìwé ìmọ̀, ọ̀nà kan wà tí a fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ lọ sí atọ́ka tó wà ní ìparí, kí ẹ wá ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ dunjú. Aláró yẹ aró wò, àgbẹ̀ yẹ ẹ̀gẹ́ wò, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ yẹ orúkọ òkè ìlú rẹ̀ wò. Ìwé tó bá ṣi ohun tí ẹ mọ̀ sọ, ẹ fura sí èyí tí ẹ kò mọ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ṣe epo pupa tà mú ìwé ńlá kan tó ní àwòrán mèremère lórí ọ̀pẹ, ó ka ojú ìwé kan, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà, ó ní ẹni tó kọ èyí kò fún ẹyìn rí.

Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Ìwé ìtàn tó ti pé 60 ọdún ṣì lè wúlò gan-an. Ìwé ìṣègùn tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹ má fi tọ́jú ara.

Lẹ́tà tí mo fi kọ́ Yorùbá ní Benin kò bá ti ìwé Nàìjíríà mu. Ṣé mo lè kà á?

Ẹ ó kà á, kò ní ju ọjọ́ méjì lọ kí ojú yín tó mọ́ ọn lára. Ní 1975 ni ìjọba Benin ṣe ìlànà lẹ́tà kan náà fún gbogbo èdè ilẹ̀ yìí, wọ́n sì tún un ṣe ní 1990, kí ẹni tó bá mọ Fọn tàbí Bàríbá kà má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tó bá dé orí Yorùbá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ yín ní ɛ àti ɔ, nígbà tí ará Nàìjíríà ń kọ ẹ àti ọ. Ibi tí wọ́n ti kọ ṣ, sh ni ẹ mọ̀ sí; ibi tí wọ́n ti kọ p, kp ni ẹ mọ̀ sí. Ẹja di ɛja, ṣòkòtò di shòkòtò, ìlú Pọ́bẹ̀ di Kpɔ́bɛ̀. Àmì ohùn kò yàtọ̀.

Ìnira tó wà níbẹ̀ gan-an ni pé ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà ti Benin tẹ̀ kò pọ̀ rárá lórí àtẹ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ ìwé ìkọ́ni tẹ́ẹ́rẹ́ fún àwọn àgbà tó ń kọ́ ìwé kíkà: ìwé nípa omi mímọ́, nípa àjẹsára, nípa bí a ṣe ń ṣírò owó ọjà. Ẹni tó ti ka ìyẹn tán tó sì fẹ́ ìtàn, orí ìwé Nàìjíríà ló ń bọ̀. A fi àlàyé lẹ́tà méjèèjì sórí páálí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ìtàn àròsọ. Ẹ lè dà á kọ sínú ìwé yín.

Ìtàn àròsọ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

A kì í yan ìwé fún ènìyàn bí ẹni ń yan oúnjẹ fún aláìsàn, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́ta kan wà tí a máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ó sì máa ń dùn mọ́ wa láti rí ẹni tó dúró níbẹ̀.

Ọdún 1938 ni méjì nínú wọn jáde. Ọ̀kan ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fagunwa, ọmọ Òkè-Igbó, fi Yorùbá kọ. Èkejì ni Doguicimi, tí Paul Hazoumé fi Faransé kọ. Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n ti bí i ní 1890, ìtàn ààfin Dahomey ní ayé ọba Ghézo ló sì sọ. Ọ̀kan gba inú igbó iwin, èkejì gba inú ààfin, àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì kò sì jìnnà síra wọn ju ìrìn ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni ìtàn Amos Tutuola nípa ọ̀mu ẹmu kan tó lọ wá adẹ́mu rẹ̀ ní ìlú àwọn òkú. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Tutuola, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1952; ní ọdún kejì, Raymond Queneau sọ ọ́ di Faransé ní Paris. Ẹ̀dà Faransé yẹn ni ọ̀pọ̀ ará ìlú wa ń kà. Ẹ kà á sókè. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti lábẹ́ Faransé tó wà lórí rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti yàrá kẹta.

Orúkọ wo ni kí n fi wá ìwé àtijọ́ nípa ìlú wa?

Ẹ má fi orúkọ kan ṣoṣo wá a. Títí di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Dahomey ni orílẹ̀-èdè yìí ń jẹ́. Ẹni tó bá ń wá Benin nìkan yóò pàdánù gbogbo ìwé tó ṣáájú rẹ̀, yóò sì máa bá ìwé Ìlú Ẹ̀dó ní Nàìjíríà pàdé níbi tí kò fẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé Faransé a máa pe Yorùbá ní Nago, wọ́n a máa kọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Savè, wọ́n a máa kọ Kétu ní Kétou, Ìdààṣà a sì di Dassa. Àjàṣẹ́ nìkan ní orúkọ mẹ́ta: tiwa, Hogbonu tí àwọn Ègùn ń pè é, àti Porto-Novo tí àwọn Potogí fún un. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà kan kí ẹ tó wá.

Kí ni kí n yẹ̀ wò lára ìwé àlòkù?

Ẹ gbé e dúró lórí tábìlì, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti rán an. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké, ikán tàbí kòkòrò ti débẹ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n lórí bébà funfun: bí ìyẹ̀fun bá dà sílẹ̀, kòkòrò náà ṣì ń jẹun lọ́wọ́, ẹ má gbé e lọ bá àwọn ìwé yín nílé. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ìlú wa wà létí ọ̀sà, ọ̀rinrin kì í jìnnà, ìwé tó bá sì ti bu kì í fi òórùn rẹ̀ pamọ́. Ẹ ka nọ́ńbà ojú ìwé níbi tí okùn bá ti tú, torí ibẹ̀ ni ojú ìwé ti máa ń já bọ́.

A ra àpótí ìwé kan rí láìyẹ̀ ẹ́ wò, torí òkè rẹ̀ dára. Ìwé ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ń dán. Ikán ti wọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, ó jẹ ojú ìwé 41 dé 63 tán pátápátá, ó fi etí ìwé sílẹ̀ yíká bí férémù àwòrán tí kò ní àwòrán nínú. Ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe títà. A máa ń fi han ẹni tó bá béèrè ìbéèrè yìí.

Bí ẹ bá délé, ẹ má to ìwé mọ́ ara ògiri gírígírí, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣí wọn síta ní ibòòji, kì í ṣe nínú oòrùn.

Ṣé ẹ ń ta ìwé fótókópì?

Rárá. A mọ̀ pé ojúlówó ìwé wọ́n díẹ̀ ju fótókópì lọ, a sì mọ ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ra fótókópì, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé náà ní ilé tó ń bọ́.

Kí ni nọ́ńbà gígùn tó wà lẹ́yìn ìwé?

ISBN ni wọ́n ń pè é, òun ni ìwé fi ń jẹ́ orúkọ tí kò sí ìwé mìíràn tó ń jẹ́ ẹ. Láti 2007 ló ti ní nọ́ńbà 13. Àwọn tó ṣáájú ní mẹ́wàá, ìwé tó pẹ́ gan-an kò sì ní rárá. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 978-2, láti àwọn ilẹ̀ tó ń tẹ̀wé ní Faransé ló ti wá lọ́pọ̀ ìgbà. 978-978 jẹ́ ti Nàìjíríà. 978-99919 jẹ́ ti Benin. Bí ẹ bá fẹ́ ká bá yín wá ìwé, nọ́ńbà yìí dára ju àpèjúwe lọ.

Mo máa ń ka ìwé mẹ́ta pọ̀, mi ò sì ń parí ọ̀kankan. Ṣé ó burú?

Kò burú. Ìwé tí ẹ kò parí kì í ṣe gbèsè.

Ṣé mo lè mú ọmọ wá?

Ẹ mú un wá, kí ẹ sì jẹ́ kó yàn fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ló ń mú lójoojúmọ́. Òbí tó bá ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ, tó ń fi èyí tó ní láárí rọ́pò rẹ̀, kì í pẹ́ tí ọmọ náà yóò fi lọ jókòó síta. Fún ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé tó sì ń kọ́ Faransé níléèwé, ẹ ka Yorùbá fún un ní alẹ́, kí òun náà ka Faransé fún yín. Àwa kò rí ọ̀nà tó sàn ju èyí lọ.

Bí mi ò bá lówó láti rà, níbo ni mo lè kà?

Lọ́dọ̀ wa, bẹ́ńṣì méjì wà. Ṣùgbọ́n ẹ tún mọ̀ pé Àjàṣẹ́ níbí ni ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Benin wà, ibẹ̀ náà ni ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba wà, ọ̀pọ̀ ará ìlú kò sì tíì wọ ibẹ̀ rí. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ tí ẹ bá ń lọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Gallica, tí ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Faransé ń bójú tó, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àti ìwé ìròyìn àtijọ́ nípa Dahomey tí a lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. African Storybook ní ìtàn ọmọdé ní Yorùbá tí ẹ lè gbà sórí fóònù. Ẹni tó kọ ọ̀pọ̀ nínú ìwé Dahomey inú Gallica jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, ẹ kà á bí ìgbà tí ẹ ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹnì kan.

Ṣé ẹ ń gba náírà?

A ń gbà á, nítorí ìwé tó ń gba ẹnubodè Ìdírókò àti Ìgòlò wọlé láti Nàìjíríà, náírà ni àwa náà fi ń rà á. Iye tó bá jẹ́ ní ọjọ́ yẹn la ó fi ṣírò.

Mo rí ìwé kan lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò rántí orúkọ rẹ̀. Ṣé ẹ lè bá mi wá a?

Ẹ sọ àwọ̀ èèpo rẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ dúró sí nígbà tí ẹ ṣí i, kí ẹ sì sọ ohun kan tí ẹ kà nínú rẹ̀. Ohun kẹta yìí ló sábà máa ń gbà wá. Ẹnì kan sọ fún wa pé ìwé òun pupa, ó tóbi, ó wà lápá òsì. A wá a títí, a kò rí i. Bó ṣe ń jáde lọ ló rántí pé ibi tí òun kà dé, ọkùnrin kan ń bá ẹfọ̀n jiyàn. Ìwé náà kéré, àwọ̀ ewé ló ní, apá ọ̀tún ló sì wà.